Àlejò Lórí Ẹní Olóòfà

Ẹ wá, ẹ̀yin ọkọ mi kéékèèké, ẹ jókòó tì mí létí ibùsùn níbí, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn dáadáa, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, àwọn àlejò wa ṣì ń hanrun, bí n kò bá sì rí ẹni rojọ́ yìí fún kí wọ́n tó jí, inú mi á bẹ́! Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Mo ní ẹ tì í!

Ọjọ́ kẹsàn-án rè é! Ìyá bàbá yín ní òun wá kí wa, òun á sùn mọ́jú, òun á sì máa lọ. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Mo yọ̀, àna mi ni. Àṣé ẹní mi ni wọ́n wá kí!

Nígbà tí dókítà tún orúnkún mi ṣe, tí ìyá yín gbé mi wá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, ta ló rò pé oṣù méjì ni n ó lò? Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ló wà láàárín èmi àti ilẹ̀, ó wá dà bí òkun. Ojú fèrèsé ni mo ti ń wo ayé. Àárín orí àwọn ará àdúgbò nìkan ni mo mọ̀, n ò mọ ojú ẹnì kan. Onígbàjámọ̀ iwájú yẹn, tó ń gé irun fún gbogbo ayé, ó ti pá ní àtàrí, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un!

Oníwòsàn tó ń tọ́jú eegun àti iṣan ló yá wa ní ẹní olóòfà yìí. Ó ní agbára òòfà ló ń jáde nínú rẹ̀, ó ń lù, ó ń dákẹ́, ojú ò rí i, ṣùgbọ́n ó lè bá mi dín ìrora kù. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nírọ̀lẹ́, kí n sì dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lọ fi àtẹ̀gùn kọ́ra, nígbà tí orúnkún ṣì rọ̀. Mo ti sọ̀ dé àtẹ̀gùn karùn-ún kí àwọn àlejò yìí tó dé! Ọ̀la, ọjọ́ Jímọ̀, ni oníwòsàn náà ń bọ̀. Bó bá rí i pé mo lè sọ̀ dé ilẹ̀ fúnra mi, mo di ẹni tó ń padà sí ilé rẹ̀, sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bí n kò bá lè ṣe é ńkọ́? Ìyá yín ti sọ ọ́: 'Màmá, a ó kó ayálégbé sílé yẹn, ẹ máa bá wa gbé títí ayé.' Títí ayé kẹ̀! Mo fẹ́ràn yín o, ẹ má wò mí báyẹn, ṣùgbọ́n ṣé torí pé ẹyẹ fẹ́ràn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ṣe máa gbé inú àgò?

Ẹ̀bi ta sì ni? Ẹ̀bi ẹnu mi ni! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo wà lórí ẹní, ìyá bàbá yín wọlé, ó dúró, ó ń wò mí. Kí ni kí n sọ? Bí àlejò bá bá ènìyàn nídìí oúnjẹ, ṣé kò ní ní 'ẹ wá jẹun' ni? Àlejò gidi á ní, 'á gba ibi ire lọ,' ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Èmi náà bá ní, 'Àna mi, ẹ wá dùbúlẹ̀.' Yéè! Obìnrin náà tú gèlè! Ó ní, 'Ẹ ṣé o, ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí.' Láti ọjọ́ náà, n ò fara kan ẹní mọ́. Bó bá dìde, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á bọ́ sí i.

Èyí tó tún wá ń gbé mi nínú jù, wọ́n ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá dára, àsùnmọ́jú á dára jù. Ẹ̀rọ tó ń mú ẹní náà ṣiṣẹ́ sì rèé, bó bá ti pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó pa ara rẹ̀ nìyẹn. Òkú ẹ̀rọ ni wọ́n ń sùn lé mọ́jú! Láàárọ̀ wọ́n á na apá, 'Háà, ara mi fúyẹ́ bí òwú!' Èmi á ní, 'Ẹ kú oríire.' Ta ló ń lé àna lórí ẹní? Kí wọ́n lè ní mo fi ìlera du àwọn?

Ẹ dákẹ́! Wọ́n ti jí. Kí lẹ wí? Ọkọ̀ ti wà nísàlẹ̀? Wọ́n ń di ẹrù? Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ àlá!

Háà, ẹ̀yin àna mi! Ẹ ti fẹ́ máa lọ? Kíákíá báyìí? Ilé á mà dá o! Ẹ ní kí ni? Ẹ lè fi ọjọ́ méjì kún un? Rárá o! Awakọ̀ ń dúró! Ìwọ ọkọ mi, gba báàgì yẹn, àbúrò ẹ, gba èkejì. Èmi fúnra mi ni n ó sìn yín dé ẹnu ọkọ̀! Ẹ má dì mí mú, ògiri ń bẹ. Ẹ máa lọ níwájú, màmá, ẹ má wẹ̀yìn. Yéè, orúnkún mi! Kò sí nǹkan, ẹ máa lọ! Ẹ wọlé. Ẹ fa ẹsẹ̀ sínú. Pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, pa á dé dáadáa! Ẹ bá wa kí ilé o! Ó dàbọ̀!

Wọ́n ti lọ? Wọ́n ti yà ní kọ̀rọ̀ yẹn?

Kí lẹ̀ ń wò lẹ́sẹ̀ mi? Ilẹ̀... Ilẹ̀ ni mo dúró lé yìí? Háà! Ẹ gbà mí, ìbínú ló sọ̀ mí kalẹ̀! Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín mi tán! Ẹ má fà mí lápá, n ò gòkè mọ́. Ẹ sáré lọ bá ìyá yín, ẹ ní kó gbé àga kan sọ̀ kalẹ̀ fún mi, kó sì mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi dání.