Ẹsẹ̀ Igi Níwájú Àwọn Àna

Ní ìdíkọ̀ rélùwéè Òṣòdì ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó na ẹsẹ̀ igi rẹ̀ síwájú lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń lọ tọrọ ìyàwó.

"Ìyá mi, ẹsẹ̀ yìí kì í ká lórúnkún. Tí mo bá wọ̀ ọ́ dọ̀bálẹ̀, mi ò ní lè dìde. N ó bọ́ ọ ná."

"Kí o bọ́ kí ni? Ọmọ tí o fẹ́ fẹ́ nìkan ló mọ̀ nílé wọn. Tẹrí ba díẹ̀, kí o ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́."

"Wọn á ní agbéraga ni mí."

"Agbéraga ń rí ìyàwó fẹ́! Bí wọ́n bá rí i pé ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ọ́, wọn ò ní fún ọ lọ́mọ."

"Ẹsẹ̀ tí mo fi rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn nìyí. Kò dójú tì mí rí, èmi náà ò ní fi í pamọ́."

Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè lókèèrè. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku lára ẹsẹ̀ igi náà.

"Bí o bá bọ́ ọ tán, gbé e fún mi. Orí itan mi ni yóò wà lójú gbogbo wọn, kì í ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀."