Ẹ̀wù Tí Mo Kì Sẹ́nu Páìpù Idwal

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Dókítà ní n kò ní rí òjò ọdún tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Gethin Pugh kọ́ ló ba ilé Idwal jẹ́. Èmi Menna ni.

Gbogbo yín lẹ mọ Idwal, tí ilé rẹ̀ wà lókè tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yẹn. Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, ó da simẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀ nítorí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé rẹ̀, inú ọgbà mi ló ń bọ̀. Ọ̀dùnkún mi jẹrà sínú ilẹ̀. Àlùbọ́sà mi ń léfòó bí òkú ẹja. Mo lọ bá a, mo tún lọ bá a, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní, "Menna, omi kì í gun òkè. Ta ló ní kó o ra ilé sísàlẹ̀?" Mo kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ aládùúgbò méjì ni, ká lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Mo to àpò iyanrìn. Omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ó pe Gethin bíríkìlà pé kó wá ri páìpù tí yóò máa gbé omi náà lọ. Inú mi dùn. Àṣé abẹ́ ògiri mi náà ló ní kó dojú páìpù ọ̀hún kọ. Gethin bá a jiyàn pé kò dáa, Idwal ní kó ṣe iṣẹ́ tí òun bẹ̀ ẹ́.

Ó sú mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí gbogbo yín ń kọrin níbí, mo ní orí ń fọ́ mi. Mo mú ẹ̀wù òtútù ọkọ mi tó ti kú, mo kì í sẹ́nu páìpù náà, mo fi simẹ́ǹtì dí i, mo fọwọ́, mo se oúnjẹ ọ̀sán. Mo mọ̀ pé Olwen, ìyàwó Idwal, wà lórí ibùsùn ní yàrá ìsàlẹ̀, pé rọpárọsẹ̀ ti dá a dúbúlẹ̀. Mo mọ̀. Mo kàn kọ̀ láti rò ó ni.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Idwal jáde lọ ra oògùn, omi tí kò rọ́nà lọ sì yà wọlé. Mo gbọ́ tí Olwen ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé tíì ló fẹ́. Nígbà tí Idwal dé, Olwen ti já bọ́ láti orí ibùsùn, ó ń gbọ̀n nínú omi tútù. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé e lọ. Kò padà sínú ilé yẹn mọ́. Ilé ìtọ́jú arúgbó ló kú sí.

Èyí tó burú jù ló kù. Bí ọkọ̀ náà ti ń lọ, mo mú òòlù, mo fọ́ simẹ́ǹtì náà, mo fa ẹ̀wù náà jáde. Páìpù lásán làwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò rí, wọ́n ní Gethin ló lo èyí tó kéré jù. Kò sẹ́ni tó tún gbéṣẹ́ fún un ládùúgbò wa. Ó wá sẹ́nu ọ̀nà mi, fìlà lọ́wọ́. "Àǹtí Menna, ilé yín ló sún mọ́ ọn jù. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan ni?" Mo ní, "N ò rí nǹkan kan, ọmọ mi." Mo fún un ní kéèkì. Ó dúpẹ́. Ó kó lọ sí ìlú mìíràn, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Idwal nínú ilé ìdáná rẹ̀. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá sàn bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Menna, láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń ṣẹ́pè fún ọmọ yẹn. Láràárọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kó èpè náà padà?"

Gethin ló jókòó lẹ́yìn yẹn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Ọmọ mi, dìde, kí wọ́n wo ojú rẹ dáadáa. Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin náà lẹ gbà á gbọ́ pé òun ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ tán, tó bá ṣì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹ jẹ́ kó kàn mí.