Orí Ẹja Inú Ọ̀rá

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, òórùn ẹja ti ń bí mi nínú kí ọ̀dọ́bìnrin tó wà níwájú mi tó bá ìyá àgbàlagbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹrù inú ọ̀rá yín ń rùn."

"Orí ẹja ni, ọmọ mi. Àwọn ológbò ẹ̀yìnkùlé mi ni mo rà á fún. Kò sẹ́ni tó ni wọ́n. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ ń fún lóúnjẹ, wọ́n ti di mẹ́sàn-án."

"Ẹ ṣeun, mà. Oore ńlá ni."

"Oore kẹ̀? Àdàbà kún orí igi ọsàn mi tẹ́lẹ̀. Àwọn ló ń jí mi láràárọ̀ látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kú. Mo rò pé bí ológbò bá ti yó, kò ní wo ẹyẹ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mò ń wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ni ọ̀kan gbé ọmọ àdàbà wá síwájú ẹsẹ̀ mi, tó ń wò mí bí ẹni tó wá dúpẹ́ oore."

"Kò jẹ ẹ́?"

"Kò jẹ ẹ́. Ó ti yó." Ó tún un sọ: "Ó ti yó."

"Ẹ ò ṣe kúkú dáwọ́ dúró, mà?"

"Ebi á pa wọ́n, wọn á sì kọjú sí àwọn ẹyẹ."

"Ẹyẹ wo ló wá kù, mà?"

Ìyá náà tún ẹnu ọ̀rá náà so, ó rọra gbé e lé itan.