Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Jámánì Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí tán kí ẹ tó bú mi. Nǹkan kan wà nínú locker mi ní garage tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì, aṣọ ìnura ni mo fi wé e. Kásẹ́ẹ̀tì ni, kì í sì í ṣe tèmi. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ṣí locker náà láràárọ̀, tí mo ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ǹ bá má sọ ọ́ títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n ìpè kan wọlé sórí fóònù ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo gbé e, láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́fun mi mọ́. Mi ò lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí èmi ni aṣáájú akọrin níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí rí ni mo wá bá.

Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ń gbé, èmi àti Mọ́jí ìyàwó mi. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé wọn. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì, Mọ́jí ń ṣe iṣẹ́ care nígbà náà, ó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Ìjọ aláṣọ funfun là ń lọ, láti kékeré ni mo sì ti ń kọrin. Ohùn ni mo fi fẹ́ ìyàwó mi, mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò lówó, mi ò sì rẹwà. Nígbà tí wọ́n mú un wọlé, tí kò gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ, Olóhùn Iyọ̀ ló sọ mí. Kódà lẹ́yìn tí mo di Bàbá Délé lẹ́nu gbogbo ayé, tí inú rẹ̀ bá dùn, Olóhùn Iyọ̀ náà ni.

Agency tó gbà á síṣẹ́ wá rán an lọ sí Sydenham, sílé bàbá òyìnbó kan, ará Jámánì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Bàbá Jámánì là ń pè wọ́n nílé wa. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orin ni wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn ṣe. Kì í ṣe orin ijó o. Kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù ọba kọ lórí ìtàgé. Ẹnì kan á dúró, ẹnì kejì á jókòó sídìí dùùrù, ó parí. Ewì àtijọ́ ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń kọ lórin, orin mìíràn ò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìyàwó wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń tẹ dùùrù fún wọn. Àwọn méjèèjì kọrin yí ilẹ̀ òyìnbó ká, wọ́n kọ ọ́ dé Japan, rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe sì kún ògiri kan nílé wọn. Ìgbà tó yá, àìsàn ọ̀nà ọ̀fun dé. Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ohùn lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó wọn kú. Nígbà tí Mọ́jí máa fi débẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni Bàbá Jámánì ń sọ̀rọ̀, àfi kí èèyàn sún mọ́ wọn kó tó gbọ́.

Ẹ ò rí nǹkan, ẹni tí ò lóhùn mọ́ ni mo jowú.

Kò kọ́kọ́ dùn mí. Ìtàn ni Mọ́jí kàn máa ń mú wálé. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wọlé, pẹ̀lú rẹ́kọ́ọ̀dù bíi mélòó kan, ó ní Bàbá Jámánì ló fún òun. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti dé láti shift, á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, á dijú, á máa gbọ́ ọkùnrin yẹn. Bí mo bá wọlé, ó dìgbà tí orin náà bá tán kó tó ní ẹ káàbọ̀.

"Kí lo ń gbọ́ nínú ẹ̀ gan-an?" Mo bi í. "O ò gbọ́ Jámánì."

Ó ní Bàbá Jámánì ti túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó ní ọkùnrin kan ló dúró létí odò nírọ̀lẹ́, tó ń pe ọlọ́kọ̀. Olólùfẹ́ rẹ̀ wà lódìkejì, ó ti tan iná sójú fèrèsé, ọlọ́kọ̀ ò dáhùn.

"Ṣé kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ni?" Mo ní.

Kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn nìyẹn, nítorí Mọ́jí tí mo mọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kì í jìnnà.

Fọ́tò Bàbá Jámánì nígbà èwe wà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù kan. Wọ́n ya irun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé ọwọ́ lé dùùrù, wọ́n ń wo èèyàn bí ẹni tó mọ̀ pé òun rẹwà. Mọ́jí gbé e dúró lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń yí ojú rẹ̀ sí ògiri. Tí mo bá dé, mo máa ń bá a tó ti kọjú síta padà. Èmi àti ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan fún ara wa lórí ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, àgbàlagbà ni mí.

Àwọn Yorùbá ní òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin ò dénú. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi pé ọkùnrin náà ò dénú. Bí ìyàwó mi bá ń jẹun, ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ṣì ń wá orúkọ, ó mọ èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí orúkọ ti dé. Ó ní orin odò yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Ó ní ti àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ kí ayé lè yìn wọ́n. Ó ní ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti mọ ohun tí orin náà ń sọ. Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo ti ṣáájú orin nínú ìjọ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa ohùn mi rí.

Ọjọ́ tó wá bà á jẹ́ pátápátá, ó ń bá Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ gba shift lọ́wọ́ rẹ̀ nílé Bàbá Jámánì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo wà ní kíṣìnnì. Mo gbọ́ tó ní, "Olóhùn Iyọ̀ ti jẹun, wọ́n ti lo oògùn wọn."

Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo bi í pé ta ni Olóhùn Iyọ̀.

"Ẹ̀yin náà ẹ, Bàbá Délé," ló wí. "Ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Arúgbó ni wọ́n o. Kí ló wá kàn yín níbẹ̀?"

Mo ní kò sí.  Orúkọ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ayé ni.

Kò pẹ́ sí i, Mọ́jí mú kásẹ́ẹ̀tì kan wálé. Ó ní kí Bàbá Jámánì tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn àti ìyàwó wọn jókòó ní pálọ̀, wọ́n tún orin odò kọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n kọrin láyé nìyẹn. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan láti Jámánì sì fẹ́ kó gbogbo orin wọn jọ, kí wọ́n tún un gbé jáde kí bàbá náà tó kú. Bàbá Jámánì ní kí Mọ́jí bá àwọn ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan tó mọ iṣẹ́ yẹn dáadáa ní Peckham. Nítorí pé èmi ni mo máa ráyè lọ́jọ́ Monday, ó bẹ̀ mí kí n bá òun mú un lọ.

Ó kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wa nírọ̀lẹ́ Saturday, àwa méjèèjì gbọ́ ọ. Ohùn náà ti ha, ó ti gbó. Ó kù díẹ̀ kí orin parí ni ikọ́ mú bàbá náà. A gbọ́ tí ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín kékeré, tó sì ń tẹ dùùrù náà lọ ní òun nìkan títí dé òpin. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Mọ́jí bú sẹ́kún. Ó ní, "Èyí, ìyàwó wọn ni wọ́n ń kọ ọ́ fún."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, bó bá jẹ́ pé kò sunkún ni, ǹ bá mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò mú un lọ. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, èmi ò gbà kí wọ́n fi fóònù gba ohùn ìdánrawò sílẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì tó bá wà nílẹ̀ la fi ń gbà á. Mo mú ọ̀kan nínú tiwa, èyí tí ohùn mi ti ṣáájú, mo fi sínú páálí Bàbá Jámánì, mo sì ki tiwọn bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi. Ara páálí ni wọ́n kọ nǹkan sí, kò sí ìkọ̀wé kankan lára kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Mo ní kí Bàbá Jámánì náà gbọ́ ohùn ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan láyé wọn. Mo sọ fún Mọ́jí pé ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́. Ó ní kò burú, ó dá páálí náà padà sí Sydenham láìṣí i.

Àwọn ará ilé iṣẹ́ Jámánì náà dé sí Sydenham. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà débi pé mo wa bọ́ọ̀sì kọjá ibi tí èrò ti na ọwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́jí wọlé, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé oúnjẹ fún mi. Ó ní agency ti gba òun kúrò ní Sydenham, pé iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Mo rò pé òun kọ́ ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì náà sí ẹ̀rọ, pé wọ́n ti ní arúgbó ló ṣi nǹkan gbé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀yin ẹ gbọ́ ohun tí mo dúpẹ́ sí.

Ó gbé ẹ̀rọ àti rẹ́kọ́ọ̀dù lọ fún charity shop. Ilé pa rọ́rọ́. Inú mi dùn, mo ní mo ti borí. Ṣùgbọ́n Mọ́jí ò gba orin sẹ́nu mọ́, ìbáà ṣe tiwọn, ìbáà ṣe tiwa. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ́ bàtà, á wọlé, ẹ̀yìn ni á jókòó. Kò rí iṣẹ́ care mọ́. Ọ́fíìsì ló ń gbá ní Elephant and Castle báyìí, ìdájí ló ń jáde, orúnkún sì ń dùn ún.

Kílárà, ọmọ Bàbá Jámánì, ló pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní bàbá òun ti wà ní hospice, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tó ń kú lọ, dókítà ti ní kò ní pẹ́, wọ́n sì ń béèrè Mọ́jí. Ó ní kí n bá òun bẹ Mọ́jí. Ó ní òun ló bínú jù nígbà náà, òun ló fi ẹjọ́ rẹ̀ sun agency tí wọ́n fi lé e, pé bàbá òun ti dárí jì í lójú ẹsẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ kí ni.

Ó ní gbogbo wọn ló jókòó yí ẹ̀rọ ká lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú Mọ́jí. Dípò bàbá òun, ọkùnrin kan ló ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì tagbáratagbára. Ó ní kó tó di pé ẹnikẹ́ni la ẹnu, Mọ́jí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mọ́jí ní òun ni, òun ló ṣèèṣì fi kásẹ́ẹ̀tì náà gba orin ìjọ àwọn sílẹ̀.

Ìyàwó mi tí ó mọ ohùn mi nínú ogún akọrin.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mọ́jí ń lọ sí hospice lọ́sàn-án báyìí, bó bá dé, á ní Bàbá Jámánì kí mi. Kò sọ ju ìyẹn lọ, èmi náà ò lè wo ojú rẹ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń pa mí. Ohun tí Mọ́jí rò ni pé mo gba orin wa lé orin yẹn lórí, pé inú ló bí mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo, pé kò sí àtúnṣe. Ìyẹn ló gbé mì, tó fi kúnlẹ̀ fún òyìnbó, tó fi ń gbá ọ́fíìsì. Kò mọ̀ pé orin náà wà digbí. Kò mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tí mi ò lè dá a padà, kí n sì dá iṣẹ́ rẹ̀ padà fún un, pé mo ń ti locker, mo ń lọ wa bọ́ọ̀sì.

Bí mo bá gbé e lé e lọ́wọ́ lónìí, Bàbá Jámánì á gbọ́ ìyàwó wọn kí wọ́n tó kú. Mọ́jí náà á sì mọ irú ọkọ tí òun fẹ́. Ẹ bá mi dá sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́. Ọ̀la ló tún ń lọ síbẹ̀, ohun tó sì ti forí jì mí kọ́ ni ohun tí mo ṣe.