Ògiri Alákijà Tí Wọ́n Gé Kúrú

Àwọn obìnrin méjì kan wà níwájú mi nígbà tí a tò de ọkọ̀ ní Apple Junction: Alhájà kan tó ń ta pírófíṣọ̀n ní Alákijà, àti ọmọbìnrin kan tó ń yàwòrán ilé àti òpópónà.

“Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n gé ògiri gíga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa yẹn kúrú?” Alhájà ló bi í.

“Èmi ni, mà. Àwọn ọ̀gá mi ní kí á kàn fi iná síbẹ̀. Mo ní iná nìkan ò tó.”

“Kí ló dé?”

“Àdúgbò yẹn ni mo dàgbà sí, mà. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ọkùnrin kan fà mí mọ́lẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo já mọ́ ọn lọ́wọ́, àmọ́ àwọn èèyàn ń kọjá lódìkejì ògiri, wọn ò rí mi.”

Alhájà mí kanlẹ̀. “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọmọ tèmi ò lọ síbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ mọ́ tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀nà yẹn. Ó ti padà síbẹ̀ báyìí. Láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń wò ó títí á fi wọlé.”

“Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, mà. Kí wọ́n ṣáà máa rí wa.”

Kí wọ́n ṣáà máa rí wa. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ òdòdó àti ọ̀dà tí wọn yóò fi tún ìlú ṣe, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ irú èyí rí.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, Alhájà ti ọmọbìnrin náà ṣíwájú, ó sì kígbe sí àwa èrò tó kù:

“Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé o! Òun ló ṣí ọ̀nà fún wa.”