Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀ Mosúnmọ́lá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi, àgbà tí ó jókòó ti ibùsùn ọmọ rẹ̀, tí kò mọ èyí tí yóò wí, èmi ni. Ẹsẹ̀ òsì Mosúnmọ́lá ti ń dúdú láti ọmọ ìka bọ̀ sókè. Dókítà ní àfi kí àwọn gé e, kí ó má baà gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ sì ní ẹnu mi ni òun ń wò.

Láti èwe ni àtọ̀gbẹ ti mú un, irú èyí tí a kì í bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì lójoojúmọ́. Ní ilé wa ní Mushin, a lé ṣúgà jáde bí ẹni lé olè. Àánú rẹ̀ a máa ṣe mí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lá súwíìtì. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé baálé ní í ni ẹran ńlá inú ọbẹ̀. Èmi a gbé tèmi sínú àwo rẹ̀, àyà màlúù tí ọ̀rá bò, ìrù àgbò Iléyá. Mo ní ohun tí kò bá ti dùn bí oyin kò lè pa á. Háà! Ìfẹ́ a máa fọ́ni lójú!

Nígbà tí ó dàgbà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ọ̀rá ti pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lálaalẹ́. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Dókítà, ẹ tún un wò o. Ọmọ tí atẹ́gùn fẹ́ gbé lọ, ibo ni ọ̀rá fẹ́ jókòó sí lára rẹ̀?”

“Mọ́mì, kì í ṣe abẹ́ awọ ló wà. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni.”

A fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí a fi délé. Kò pẹ́ tí Mosún fi ní, “Bàbá mi, abẹ́rẹ́ nìkan ti sú mi. Ṣé kí n tún máa gbé oògùn mì nítorí ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni ò rí?” Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Ó sì fi í sílẹ̀. Egbò kékeré tí bàtà dá sí i lẹ́sẹ̀ ni kò jinná mọ́, nítorí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ibẹ̀ ti dí. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn kò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Láàárọ̀ yìí ó di ọwọ́ mi mú. “Bàbá mi, ṣé kí n gbà fún wọn?” Ẹnu tí mo fi ní kí ó pa oògùn tì, ṣé òun náà ni n ó fi ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀? Bí mo bá sì dákẹ́, dúdú yẹn kò dákẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ó tó dé orúnkún.