Ìgò Méjì Tí Mo Ṣí Pọ̀

Òótọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́fà, mi ò sì ní lè gbé e lọ sílé bí mo bá fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní láàbù yìí, tí ẹ ń pè mí ní Ìyá Ìgò, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́. Oògùn tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọdé lóṣù tó ń bọ̀ kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó ṣe. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bọ́ sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò, kí n máa pààrọ̀ omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń jẹ, kí n sì máa ṣọ́ wọn bí abiyamọ ti ń ṣọ́ ọmọ. Ẹ mọ ohun tí a ń bá jà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti bàjẹ́ nínú ara a máa gbà fún ikú fúnra rẹ̀, kó má baà ba àwọn yòókù jẹ́. Ti jẹjẹrẹ kì í gbà. Èyí tó wá burú jù ni ti àwọn ọmọdé tí àrùn náà padà wá bá lẹ́yìn ìtọ́jú: ẹ da oògùn sí i títí, yóò kàn máa wò yín ni. Ọ̀gá wa, dókítà tó dá láàbù yìí sílẹ̀, gbà pé nǹkan kan ló ti ilẹ̀kùn ikú pa nínú wọn, pé bí a bá rí oògùn tó lè ṣí i, oògùn kejì tó ń pa wọ́n á ráyè wọlé. Ọdún márùn-ún la fi wá a. Ó sú mi débi pé mo máa ń bá ìgò sọ̀rọ̀, tí mo ń bú wọn ní olórí kunkun.

Sẹ́ẹ̀lì tó le jù nínú gbogbo wọn jẹ́ ti ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan. Ọmọ náà kú. Kó tó kú ni ìyá rẹ̀ ti gbà kí a mú díẹ̀ lára kókó tó wà níkùn rẹ̀. Ìyá yìí kì í sunkún lọ́dọ̀ wa. Lọ́dọọdún ló máa ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìbéèrè kan náà ló sì máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti kú?" Jẹjẹrẹ yẹn ló ní lọ́kàn. Ó ní ọjọ́ tí oògùn bá borí ohun tó pa ọmọ òun, kí n pe òun, òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn, ọ̀gá sì ń pariwo pé àwọn àlejò ń bọ̀. Òfin wa ni pé ìgò sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lèèyàn ń ṣí lẹ́ẹ̀kan. A ó bọ́ ọ, a ó dé e, a ó nu orí tábìlì, ká tó mú òmíràn. Èmi yìí ni mo fi òfin yẹn kọ́ gbogbo yín. Mo ṣí ìgò méjì pọ̀. Ọ̀pá ìfàmi kan náà ni mo fi bọ́ ti ọmọ náà àti ti àgbàlagbà kan, sẹ́ẹ̀lì tó máa ń yára pọ̀ bí èpò, tí oògùn sì tètè ń pa. Ẹ̀kán omi kan ti tó láti gbé ti àgbàlagbà wọnú ìgò ọmọ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo yọjú wo inú awò amúǹkantóbi. Ti ọmọ yẹn máa ń ṣù pọ̀ ni, wọ́n máa ń na okùn tín-ín-rín síra wọn. Ohun tí mo rí tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àgbàlagbà yẹn. Kí n da ìgò náà nù, kí n sọ pé mo ṣàṣìṣe, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ojú tì mí. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọ̀gá fi oògùn sí wọn, nígbà tó sì fi di ọjọ́ kejì, wọ́n ti kú bẹẹrẹ. Ọ̀gá, àgbà ọkùnrin, ń fò sókè bí ọmọdé, ó ń dì mọ́ mi. Ta ni yóò sọ fún un?

A pe ìyá ọmọ. Ó wá, ó tẹjú mọ́ awò, ó rí wọn bí wọ́n ṣe ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó rọ̀ mọ́ mi, ó sì sunkún fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Irú èèyàn wo ni mo jẹ́ ná?

Ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ irọ́ kì í dá rìn. Obìnrin kan wà láàárín wa tí a ń pè ní Kò-kánjú, nítorí ohun tí ẹlòmíràn ń fi wákàtí kan ṣe, ó lè gba odidi àárọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ mú tọ́ọ̀bù sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà kan nínú èyí tí a ti kó sínú àgbá yìnyín láti ìbẹ̀rẹ̀, ó tún àyẹ̀wò ṣe. Kò sí èyí tó kú. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá bá mi jẹ́jẹ́, ó ní, "Ìyá Ìgò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, bóyá èmi ni mò ń ṣe é lódì." Mo wò ó. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ yẹn ló wà níbẹ̀, wọ́n di ara wọn mú, ara wọn le koko. Mo sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ ni kò dára. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá náà. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi ní kó wá iṣẹ́ síbòmíràn. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú páálí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ.

Ẹ̀rù wá ń bà mí pé ẹlòmíràn á tún lọ mú tọ́ọ̀bù. Mẹ́rin péré ló kù. Mo yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jẹ́ kí wọ́n yọ́, mo sì da búlíìṣì tí a fi ń fọ ilẹ̀ sí wọn. Ohun tí oògùn ò rí gbé ṣe fún ọdún márùn-ún, búlíìṣì inú korobá ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo fọwọ́, mo lọ jẹun ọ̀sán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá sọ iye ọmọ tí yóò kọ́kọ́ gba oògùn náà fún wa. Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin.  Mo wá ìyá ọmọ yẹn lọ sílé, mo kúnlẹ̀, mo rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó bi mí pé:

"Ta ni mo wá ń wò lọ́jọ́ náà?"

Mo ní ẹlòmíràn ni.

"Èyí tó pa ọmọ mi ńkọ́? Oògùn ò pa á rí?"

"Oògùn ò pa á rí, ma. Èmi ni mo pa á, kí ẹ má baà mọ̀."

Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. "Ẹ lọ sọ fún wọn kí wọ́n má fún ọmọ ẹnikẹ́ni." Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Mo ti sọ fún yín. Ẹ dá oògùn náà dúró. Ẹ wá Kò-kánjú rí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó padà wá, nítorí ọwọ́ tó dára ló ní. Tèmi ni kò dára. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ìgò kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí kò tíì ju ìgò kan lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ forí jì mí bí ẹ bá lè ṣe é. Bí ẹ ò bá sì lè ṣe é, ó yé mi. Oṣù yìí ni ìyá yẹn máa ń wá tẹ́lẹ̀. Mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀, kò sì sí ẹni tó bi mí bóyá ó ti kú.